Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin obìnrin Yorùbá tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ olùdarí iléeṣẹ́ ńlá

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìpàdé òwúrọ̀, ẹ kú ti alẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, ní New York, ní Houston, àti ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí Èkó tí ẹ ń jábọ̀ fún olú iléeṣẹ́ lókè òkun, ẹ̀yin ni mò ń kọ̀wé sí. Ẹ̀ka owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì ni mo ti ń jẹun níbí ní London. Èmi kọ́ ni mò ń gbé ìlànà kalẹ̀, èmi ni mò ń fi orúkọ ènìyàn sínú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí ẹ bá ti buwọ́ lùwé tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi orúkọ sínú kọ̀ǹpútà máa ń rí ohun tí ẹni tó buwọ́ lùwé kì í rí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni èyí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Tractor Supply, iléeṣẹ́ tó ń ta irinṣẹ́ àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun ò ní fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Human Rights Campaign, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn LGBTQ, mọ́ lórí bí òun ṣe ń ṣe sí òṣìṣẹ́ LGBTQ, ìyẹn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àwọn tí wọ́n bí ní akọ tó ní abo lòun tàbí tí wọ́n bí ní abo tó ní akọ lòun, àti àwọn mìíràn bíi tiwọn. Kò pẹ́ tí Harley-Davidson fi tẹ̀ lé e, Lowe's náà, Ford náà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, Walmart ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Oṣù Kìíní ọdún 2025 ni ààrẹ Amẹ́ríkà wá buwọ́ lu àṣẹ tó fòpin sí ètò DEI, ìyẹn ètò tó ń rí sí i pé oríṣiríṣi ènìyàn ráyè níbi iṣẹ́ láìsí ẹ̀tanú, nílé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ni àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tó kù bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ìwé tó ń pa ìlànà tó ń dáàbò bo irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́ kì í sọ pé òun ń pa á rẹ́ o. “Àtúnyẹ̀wò” ni wọ́n máa ń pè é. Yóò dé orí tábìlì yín lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, wọn yóò sì ní kí ẹ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má fọwọ́ sí i. Mo sì fẹ́ sọ ìdí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin gan-an, tí kì í ṣe ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Obìnrin kan wà tó yẹ kí gbogbo yín mọ̀ bí ẹní mowó. Ann Hopkins lorúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1982, iléeṣẹ́ aṣírò-owó Price Waterhouse ní alájọni 662, ìyẹn àwọn tó jọ ni iléeṣẹ́ náà. Obìnrin inú wọn kò ju 7 lọ. Lọ́dún yẹn wọ́n dábàá ènìyàn 88 pé kí wọ́n wá di alájọni. Hopkins nìkan ni obìnrin láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣaájú nínú akitiyan tó mú iṣẹ́ mílíọ̀nù 25 dọ́là wá láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Kí ni wọ́n wí? Wọ́n ní ó le jù, ó ń ṣépè, ó ń ṣe bí ọkùnrin. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù nínú wọn, tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, gbà á nímọ̀ràn pé kó máa rìn bí obìnrin, kó máa sọ̀rọ̀ bí obìnrin, kó máa múra bí obìnrin, kó kun àtíkè, kó ṣe irun, kó sì lo ohun ọ̀ṣọ́. Èyí kò lè ya èyíkéyìí nínú yín lẹ́nu. Mélòó nínú yín ni wọn ò tíì bi léèrè, lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀rọ̀ ṣàkó ní ìpàdé, pé ṣé ọkọ yín máa ń rí ọ̀rọ̀ sọ nílé báyìí?

Hopkins kò bá wọn fa ọ̀rọ̀ gígùn. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní ọdún 1989, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà sọ pé bí iléeṣẹ́ bá fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́ nítorí pé kò ṣe bí wọ́n ṣe rò pé ó yẹ kí obìnrin máa ṣe, ẹ̀tanú lórí akọ tàbí abo nìyẹn, Abala Keje òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ọdún 1964 sì ti fòfin dè é. Wọ́n dá a padà síbi iṣẹ́, ó sì di alájọni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kàn wá rèé. Ní ìpínlẹ̀ Michigan, Aimee Stephens ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ tó ń tọ́jú òkú tó sì ń ṣètò ìsìnkú. Bí ọkùnrin ló ṣe ń wá síbi iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ kan ní 2013 ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀ pé obìnrin lòun, pé bí òun bá ti ìsinmi dé, aṣọ obìnrin lòun yóò máa wọ̀ wá síbi iṣẹ́. Wọ́n lé e. Ní Georgia, Gerald Bostock ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dáàbò bo àwọn ọmọdé. Kò pẹ́ sígbà tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù softball, ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n pa ẹjọ́ àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ ti ẹnì kan mìíràn, ìdájọ́ sì wáyé ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2020. Adájọ́ Neil Gorsuch ló kọ ọ́, adájọ́ tí Trump fúnra rẹ̀ yàn. Adájọ́ mẹ́fà fọwọ́ sí i, mẹ́ta kọ̀. Àlàyé rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ rárá: bí òṣìṣẹ́ obìnrin bá fẹ́ ọkùnrin, ẹ ò lé e. Bí òṣìṣẹ́ ọkùnrin bá fẹ́ ọkùnrin, ẹ lé e. Kí ló yàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì bí kò ṣe pé ọ̀kan jẹ́ akọ, èkejì jẹ́ abo? Abala Keje yẹn náà ni wọ́n fi dá a. Ẹjọ́ Hopkins sì wà lára ohun tí àwọn agbẹjọ́rò Stephens gbé ọ̀rọ̀ wọn lé. Aimee Stephens kò gbọ́ ìdájọ́ náà. Oṣù Karùn-ún ló kú.

Ẹ̀yin ìyá mi, ọgbà kan náà ni ẹ jọ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń yọ igi lára rẹ̀ nítorí pé àwọn tó wà lápá ọ̀hún kò wù ú, apá tirẹ̀ náà ló ń ṣí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì mi, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n jù. Nígbà tí Edith Windsor ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní IBM ní àwọn ọdún 1960 títí di 1975, ó wà lára àwọn obìnrin díẹ̀ tó dé òkè téńté lẹ́nu iṣẹ́ náà. Obìnrin ni olólùfẹ́ rẹ̀, Thea Spyer. Nígbà tí wọ́n fẹnu kò ní 1967 pé àwọn yóò fẹ́ ara wọn, Thea kò fi òrùka sí i lọ́wọ́. Bróòṣì dáyámọ́ǹdì roboto ló fún un, torí bí òrùka bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ará ibi iṣẹ́ yóò béèrè pé ọkọ ìyàwó dà? Ẹ fojú inú wo obìnrin tó jáfáfá tó bẹ́ẹ̀, tó ń gbé ẹ̀rí àdéhùn ìgbéyàwó rẹ̀ kọ́ àyà bí ohun ọ̀ṣọ́ lásán, lójoojúmọ́ ayé, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. IBM kò kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi irú ẹni tí òṣìṣẹ́ ń fẹ́ dá a lẹ́bi títí di 1984. Windsor ti kúrò níbẹ̀ láti 1975. Nígbà tí Thea kú ní 2009, ìjọba Amẹ́ríkà ní kó san owó orí 363,053 dọ́là lórí ogún ìyàwó rẹ̀, owó tí opó mìíràn ì bá má san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ó pẹjọ́. Ó jàre ní 2013.

Ti John Walker ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi máa ń kọ́ àwọn tuntun ní ẹ̀ka wa. Láti 1980 títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 2003 ló ń dá owó ìfẹ̀yìntì sínú ètò iléeṣẹ́ kẹ́míkà Innospec, bíi gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, kò fi kọ́bọ̀ kan dín. Ó béèrè pé bí òun bá kú, èló ni ọkọ òun yóò máa gbà? Nǹkan bíi 1,000 pọ́n-ùn lọ́dún, ni wọ́n dá a lóhùn. Bó bá jẹ́ pé obìnrin ló fẹ́ ńkọ́, kódà kó jẹ́ lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kó kú? Yóò lé ní 40,000 pọ́n-ùn. Ìwé òfin ní àyè kan tó gba iléeṣẹ́ láyè láti fojú fo gbogbo owó tí irú wọn ti dá ṣáájú oṣù Kejìlá ọdún 2005. Iléeṣẹ́ náà kò já òfin, ó kàn dúró sí ibi tí òfin dúró sí. Walker lo ọdún lórí ọdún nílé ẹjọ́, ó bọ́rí, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, kó tó di pé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre ní oṣù Keje ọdún 2017. Ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó nínú ìgbìmọ̀, tó ní “Ẹ jẹ́ ká san án bíi ti gbogbo ènìyàn”, ì bá ti fòpin sí gbogbo wàhálà yìí ní ìdajì wákàtí.

Ṣé obìnrin lonítọ̀hún ì bá jẹ́? Àwọn olùwádìí méjì ní Utah State University, Alison Cook àti Christy Glass, wo àwọn iléeṣẹ́ Fortune 500, ìyẹn iléeṣẹ́ 500 tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2016. Ohun tí wọ́n rí ni pé ibi tí obìnrin bá ti wà nínú ìgbìmọ̀ olùdarí dáadáa, ibẹ̀ ni ìlànà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ LGBTQ ti ń wọ́pọ̀. Ìgbìmọ̀ ni mo pè é o. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Obìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n gbé sórí àga níwájú ọkùnrin mọ́kànlá, bí yóò ṣe pẹ́ níbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa rò.

Inga Beale rí i bẹ́ẹ̀. Lloyd's of London ni mò ń sọ, ọjà adójútòfò tó bẹ̀rẹ̀ láti ilé kọfí ní 1688 (ọjà kan náà tó dójú òfò ọkọ̀ tó ń kó àwọn baba wa lẹ́rú sọdá òkun, tó sì tọrọ àforíjì ní oṣù Kẹfà ọdún 2020). Àwọn ọdún 1970 ni wọ́n tó gba obìnrin láyè láti dá òwò ṣe nínú gbọ̀ngàn rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014 Beale di ọ̀gá àgbà, obìnrin àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọjà náà ti wà. Kò fi pa mọ́ fẹ́nikẹ́ni pé òun ti fẹ́ ọkùnrin rí, òun sì ti fẹ́ obìnrin rí. Ó gbé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ LGBTQ àti ti obìnrin síwájú àwọn ọkùnrin oníkóòtù yẹn pa pọ̀. Ó lọ ní 2018. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìròyìn jáde nípa bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ pa obìnrin lára nínú ọjà náà, tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ti pẹ́ nílẹ̀. Ọdún mẹ́rin ó lé lórí àga kò tó láti fọ ilé tó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún.

Mi ò sì ní tan yín pé obìnrin kì í yẹsẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 2025, Jane Fraser, obìnrin àkọ́kọ́ tó darí báńkì ńlá ní Wall Street, kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ Citi pé àwọn ti pa àfojúsùn lórí iye obìnrin àti ẹ̀yà tó kéré tì, wọ́n sì yí orúkọ ẹ̀ka tó ń bójú tó o padà. Oṣù yẹn náà ni Julie Sweet, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ agbaninímọ̀ràn Accenture, pa tirẹ̀ tì. Mi ò bú wọn, iṣẹ́ ìjọba wà lọ́wọ́ Accenture, ojú ń pọ́n wọn. Ṣùgbọ́n nínú iléeṣẹ́ 500 tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà ní 2024, méjìléláàádọ́ta péré ni obìnrin ń darí. Ẹ ò tíì pọ̀ tó láti máa fi ọwọ́ ara yín tú ohun tó gbé yín dé ibẹ̀. Ẹ̀yin ti Nàìjíríà náà mọ̀ ọ́n. Ní 2012 ni àwọn ọ̀gá báńkì àti CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, jọ fẹnu kò pé kí obìnrin gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìgbìmọ̀ àti 40 nínú ìṣàkóso. Nígbà tí 2021 fi dé, obìnrin ló ń darí GTBank, FCMB àti Fidelity. Ìlànà ló ṣe é. Ọgbọ́n orí wọn ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn nínú yín ń sọ sínú báyìí. Ìyá ìjọ ni mí. Alhaja ni mí. Kí ni kí n wí fún Olúwa mi? Ẹ gbọ́, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ wá wàásù, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ so ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni pọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì, ìsinmi ọ̀fọ̀, ìwé adójútòfò ìlera, àti kí wọ́n má lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni mò ń wí. Ẹ ti ń san owó oṣù fún ọ̀mùtí, fún oníṣekúṣe, fún ẹni tó fi ìyàwó sílẹ̀ sí Abẹ́òkúta tó fẹ́ òmíràn ní Peckham. Ẹ ò bi wọ́n léèrè ẹ̀ṣẹ̀ wọn kí ẹ tó san án.

Ọmọbìnrin kan wà ní iléeṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Fọ́ọ̀mù kan wà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń kọ, pé bí mo bá kú sẹ́nu iṣẹ́, ẹni báyìí ni kí ẹ kó owó fún. Owó ọ̀hún tó ìlọ́po mẹ́rin owó ọdún kan. Ó fi àyè orúkọ náà sílẹ̀ lófìfo. Mo pè é, ó ní kí n kọ orúkọ màmá òun ní Ìbàdàn. Nígbà tó yá ó wá bá mi, ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ yí i padà sí ti obìnrin tí àwọn jọ ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ti ń wá orúkọ rẹ̀ jáde lórí kọ̀ǹpútà nígbà tó béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ ma, ọ̀gá àgbà tuntun tí wọ́n ní ó ń bọ̀ yẹn, ṣé Yorùbá ni?” Mo fi ìdùnnú dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà nígbà náà, ma.”

Òyìnbó ti jẹ́ ọ̀gá lé e lórí rí, ẹ̀rù ò bà á. Orúkọ wa ló bà á lẹ́rù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó, mo mọ̀ pé tiyín le ju tiwa lọ. Òfin tí ààrẹ Jonathan buwọ́ lù ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, ó sì fi ọdún 10 sórí ẹni tó bá forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó ń kópa nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìwé ìlànà tó ti London wá, tó ní kí ẹ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ LGBTQ sílẹ̀, lè gbé ọmọ ọlọ́mọ dé Kiri-kiri. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ Èkó. Ẹ má dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀.

Àmọ́ nǹkan mìíràn wà lọ́wọ́ yín. Òfin ààbò dátà tó jáde ní 2023 ní Nàìjíríà ka ọ̀rọ̀ nípa ìbálòpọ̀ ènìyàn mọ́ àwọn àkọsílẹ̀ ẹlẹgẹ́ tí iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí HR yín, ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, bá ń gba ìròyìn irú rẹ̀ sínú fáìlì nítorí pé òyìnbó ní kí wọ́n ka iye wọn, ẹ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n sì pa èyí tó wà nílẹ̀ rẹ́. Bí London bá fẹ́ gbé òṣìṣẹ́ kan wá sí Èkó, tí onítọ̀hún ní òun ò lọ, tí kò sì sọ ìdí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dí ìgbéga rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kító nígboro: wọ́n á fi fóònù tan ènìyàn wá sí yàrá kan, wọ́n á lù ú, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní àwọn yóò pe ibi iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe ibi iṣẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, ẹni tó gbé fóònù ní ọ́fíìsì yín ló máa pinnu bóyá yóò jí sí iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ sọ fún onítọ̀hún láti ìsinsìnyí pé ìpè alọ́nilọ́wọ́gbà ni, kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kó gbé e lọ fún agbẹjọ́rò iléeṣẹ́, kó má sì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, iṣẹ́ kékeré ni mo ń bẹ̀ yín fún. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé èyíkéyìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ní kí ẹ̀ka mi ka iye òṣìṣẹ́ tí owó ìfẹ̀yìntì tàbí ìwòsàn wọn yóò dín kù. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, iye lásán ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé pé ẹ béèrè. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni obìnrin nínú ìgbìmọ̀ náà, ẹ fa obìnrin kejì wọlé kí ọdún yìí tó parí, kó má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò kàn máa mi orí sí gbogbo ohun tí ẹ bá sọ. Àdéhùn adójútòfò ìlera sì máa ń parí lọ́dọọdún. Àsìkò àtúnṣe rẹ̀ ni wọ́n máa ń yọ olólùfẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ìtọ́jú àwọn transgender kúrò nínú rẹ̀ láìpariwo, ní ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Tiwa, oṣù Kẹrin ni. Ẹ béèrè oṣù tí tiyín jẹ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n kó gbogbo ojú ewé rẹ̀ wá.

Èmi ni tiyín,
Àbúrò yín kan ní ẹ̀ka owó oṣù, London